Òpó Lórí Ilẹ̀ Delmar

Awagóòlù náà fi èjìká há fóònù mọ́ etí, ó ń gbá òpó tirẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí ilẹ̀ Delmar kó lè fi gba ilẹ̀ náà.

"Kọ̀ǹpútà ìjọba sọ pé ìwé àṣẹ tí Delmar fi ń wa góòlù ti kú," akọ̀wé iléeṣẹ́ ìwakùsà wí lórí fóònù. "Àmọ́ irọ́ ló ń pa láti oṣù tó kọjá. Ẹ kọ́kọ́ yẹ agolo ìwé àṣẹ tó wà lára òpó Delmar wò."

"Ó ti kú náà nìyẹn!"

Ọdún mẹ́fà ni góòlù Delmar ti ń ta á lójú bí ata. Ó ṣí agolo náà kó lè fa ìwé inú rẹ̀ ya. Ìwé ọdún yìí ni, tòun tòǹtẹ̀.

Ìró òòlù dún láti orí ilẹ̀ awagóòlù náà fúnra rẹ̀ lódìkejì àfonífojì.

"Delmar! Kí lò ń gbá níbẹ̀?"

"Òpó ni! Kọ̀ǹpútà sọ pé ìwé àṣẹ tìẹ náà ti kú. Ó pẹ́ tójú mi ti wà lára góòlù inú odò rẹ!"