Ṣúgà Tí Kò Fẹ́ Wálẹ̀

Láti ìgbà tí dókítà ti sọ pé onígbàjámọ̀ ní àrùn ṣúgà ni ìyàwó rẹ̀ ti ti ìsọ̀ ìránṣọ tirẹ̀ pa, tó jókòó ti ọkọ. Ohun tó bá sè fún un lòun náà ń jẹ, nínú abọ́ kan náà, kí ọkàn ọkọ má baà fà sí ti ẹlòmíràn.

Láràárọ̀, kí wọ́n tó fẹnu kan nǹkan, á gbé ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wo ṣúgà dé etí ibùsùn.

"Ìyá wọn, o tún ti gbé abẹ́rẹ́ yìí dé," ni ọkọ á wí, ọkùnrin tó ń fi abẹ ṣiṣẹ́ lórí ẹlòmíràn, á sì fa ìbora bojú.

Kò ní pẹ́ tí ìyàwó á fi jáde, á tẹ nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ọkọ. Nọ́ńbà náà ń gòkè ṣáá ni. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin á pè.

"Ìyàwó, kí lo ń fún àbúrò mi jẹ gan-an? Bí nǹkan yìí ò bá wálẹ̀, màá wá mú un lọ sílé mi."

"Ẹ má bínú, mà."

Á wọ balùwẹ̀, á mu omi lẹ́nu ẹ̀rọ omi títí, á sunkún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo. Ilé náà há mọ́ ọn, kò sì mọ ẹni tó fẹ́ sọ fún. Bàbá wọn ni gbogbo àdúgbò ń béèrè.

Nọ́ọ̀sì fi kún oògùn ọkọ. Kò pẹ́ tí ọkọ fi ń làágùn, tó ń gbọ̀n, tó sì ṣubú ní ilé ìdáná lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ẹ̀rù ba ìyàwó gidigidi, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì.

"Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn máa ń gbé ṣúgà sókè," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ṣé wọ́n ń sùn? Ṣé nǹkan ṣì ń wù wọ́n?"

"Wọ́n ń sùn, mà. Àwọn gan-an ló ń pa wá lẹ́rìn-ín."

Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ gún ìka ọkọ, ọkọ sì dijú pinpin. Nọ́ọ̀sì wo ẹ̀rọ, ó tún un wò.

"Ṣúgà wọn ti lọ sílẹ̀ jù. Ẹ̀rọ ilé yín ti bàjẹ́ nìyẹn."

"Kò bàjẹ́, mà," ni ìyàwó wí, ó tẹ́ àwọn ìka rẹ̀ tí ojú abẹ́rẹ́ kún orí wọn sórí tábìlì, "abẹ́rẹ́ ló ń ba bàbá wọn lẹ́rù, abọ́ kan náà la sì ti ń jẹun, ẹ̀jẹ̀ tèmi ni mo ń lò."