Ìgò Méjì Nínú Fìríìjì

Ìgò méjì ló wà nínú fìríìjì láàbù náà, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Ohun inú wọn kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Èyí tí wọ́n lẹ bébà pupa mọ́ ni oògùn. Èyí tó ní bébà funfun, omi iyọ̀ lásán ni. Bébà yẹn nìkan ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀, ìdí nìyẹn tí òfin fi wà pé ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá láàbù náà ní àbúrò ọkùnrin kan ní ọsibítù òdìkejì títì. Lára sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀jẹ̀, ohun kan wà tó dà bí etí: òun ló ń gba àṣẹ pé kí sẹ́ẹ̀lì pọ̀ sí i tàbí kó sinmi. Ti àbúrò yìí kò gbọ́ "sinmi" mọ́. "Pọ̀ sí i" nìkan ló ń gbọ́ tọ̀sán-tòru, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti bàjẹ́. Iṣẹ́ oògùn náà ni láti di etí yẹn, kí sẹ́ẹ̀lì tí kò gbọ́ àṣẹ mọ́ lè kú fúnra rẹ̀. Bí àyẹ̀wò oògùn náà ní láàbù bá yọrí sí rere, àwọn dókítà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn aláìsàn ní oògùn náà, àbúrò rẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ gbà á.

"Àǹtí, ṣé ó ń ṣiṣẹ́?" ni ọ̀dọ́kùnrin náà máa ń bi í.

"Ó ń ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ jù," ló dá a lóhùn lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ sì kọ ọ́ lóminú.

Ọkùnrin kan ló ń bá a ṣiṣẹ́. Afínjú ni wọ́n ń pè é, torí pé ó máa ń nu tábìlì kó tó jókòó, á tún nù ún nígbà tó bá dìde, àfi bí ẹni pé òun gan-an ló dọ̀tí. Òun ló ń kán ohun inú ìgò sórí sẹ́ẹ̀lì nínú àwọn àwo kéékèèké: ti ìgò pupa sínú àwo pupa, ti ìgò funfun sínú àwo funfun. Obìnrin náà ló ń fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó, tó ń sọ èyí tó kú. Ẹni tó kán an kì í wò ó. Gbogbo ìgbà tí Afínjú bá kán an, sẹ́ẹ̀lì inú àwo pupa á kú tán láìku ẹyọ kan. Oògùn wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Wọ́n sì ti ṣèlérí fún Afínjú pé bí oògùn náà bá jẹ́, òun ni yóò di ọ̀gá láàbù tuntun tí wọ́n fẹ́ kọ́.

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Bó bá gbójú sókè lára awò, ojú rẹ̀ á ko ti Afínjú, onítọ̀hún á sì yára gbójú kúrò. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó bá a níwájú fìríìjì tó ṣí sílẹ̀, kò sì mú nǹkan kan lọ́wọ́.

"Kí lò ń wá?"

"Kò sí, ọ̀gá. Àbúrò yín ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Ẹ̀yin náà á máa fẹ́ kí oògùn yìí jẹ́ gan-an ni."

"Ta ni kò fẹ́?"

"Òótọ́ ni." Ó nu ọwọ́ fìríìjì kó tó tì í.

Inú obìnrin náà kò mọ́ sí i mọ́. Ìfura loògùn àgbà. Ẹ̀rù ń bà á pé wọn yóò gún àbúrò òun lábẹ́rẹ́ irọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, nígbà tí gbogbo ènìyàn ti lọ, ó ṣí bébà pupa kúrò, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò omi iyọ̀. Ó mú bébà funfun, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò oògùn. Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Bí Afínjú bá jẹ́ olóòótọ́, àwo pupa yóò yè, ti funfun ni yóò kú. Bó bá jẹ́ pé ó ń fi nǹkan mìíràn pa wọ́n ní kọ̀rọ̀, pupa náà ni yóò tún kú.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Afínjú ti wà nídìí iṣẹ́ kí obìnrin náà tó dé. Obìnrin náà rí i pé bébà pupa wọ́ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì bú ọwọ́ ara rẹ̀ nínú. Afínjú, tí kì í fojú fo ohun tí kò tò, wo bébà náà, ó sì gbójú kúrò. Ó kán oògùn, ó kán omi, ó nu tábìlì.

Ní ọjọ́ kejì obìnrin náà dojú kọ awò. Ó pẹ́ kó tó gbórí sókè.

"Èwo ló kú, ọ̀gá?"

"Pupa."

"Ó dá yín lójú?"

"Pupa ni mo wí. Ṣé ó yà ọ́ lẹ́nu ni?"

"Kò yà mí lẹ́nu," ni Afínjú wí, kò sì rẹ́rìn-ín.

Obìnrin náà lọ bá ọ̀gá àgbà tó ń darí ilé iṣẹ́ wọn, ó tilẹ̀kùn, ó ṣàlàyé bó ṣe mú un, ó sì bẹ̀ ẹ́ kó má sọ ọ̀rọ̀ bébà náà síta. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti da oògùn náà nù, wọ́n ti pa iṣẹ́ náà tì, wọ́n sì ti ní kí Afínjú máa lọ. Kò bẹ ẹnikẹ́ni.

"Ọlọ́run mọ ẹni tó ń purọ́ nínú àwa méjèèjì," ló wí, ó sì nu tábìlì rẹ̀.

"Irọ́ ni oògùn náà," ni obìnrin náà sọ fún àbúrò rẹ̀. Òun ló sunkún; aláìsàn ló ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Kí òjò ọdún yẹn tó dá, ọ̀dọ́kùnrin náà kú.

Afínjú wá kí i nílé. Ó jókòó sí etí àga. "Ẹ kú ará fẹ́ra kù, ọ̀gá." Obìnrin náà dúpẹ́. Ìbínú rẹ̀ ti rọlẹ̀. Afínjú dìde, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró.

"Ọ̀gá, mi ò lè sọ ọ́ nígbà yẹn torí òfin, bí wọ́n bá gbọ́, kò sí láàbù tó máa gbà mí síṣẹ́ mọ́, mo sì ní ọmọ tí mò ń bọ́, ṣùgbọ́n ó ń jẹ mí lọ́kàn: mo rò pé torí àbúrò yín lẹ ṣe ń rí òkú sẹ́ẹ̀lì níbi tí kò sí, ni mo bá pààrọ̀ bébà ìgò méjèèjì láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn kí ẹ tó dé, omi iyọ̀ ni mo kán sínú àwo pupa, kí ló dé tí ẹ ní ó kú?"