Ẹni Tó Da Kọnkéré Bo Ọgbà Òjò

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi í sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń kọ́lé lọ́wọ́.

1. Mẹkáníìkì kan wà tí wọ́n ń pè ní Gbọ́ntán. Iwájú ilé bàbá wọn ló ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń tọ́jú òdòdó nílé ìwé kan, gbẹ́ kòtò tí kò jìn síbẹ̀, ó da iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ sí i, ó wá gbin koríko onígbòǹgbò gígùn. Ọgbà òjò ló pè é. Omi òrùlé àti ti títì ń wọ ibẹ̀, ilẹ̀ ń fà á mu. Ọ́ìlì ọkọ̀ á há sára iyanrìn, kò ní dé kànga.

2. Ẹ̀gbọ́n rìnrìn àjò. Gbọ́ntán kó àfọ́kù búlọ́ọ̀kù dí kòtò náà, ó da kọnkéré lé e, kí ọkọ̀ mẹ́ta lè ráyè dúró.

Kó tó bẹ̀rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ti sọ fún un pé, "Olówó orí mi, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n dé ná."

"Ilé ẹ̀fọn lásán! Ṣé koríko ló máa kọ́ mi níṣẹ́?"

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n dé, ó wo ilẹ̀ títí. "Àbúrò mi, ibo lo ní kí omi gbà?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, omi mọ̀nà ju èmi àtẹ̀yin lọ."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n ò rẹ́rìn-ín.

3. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ńlá dé. Gbọ́ntán sá sí ṣọ́ọ̀bù òdìkejì títì, ó ń bá wọn dápàárá. Omi ṣàn lórí kọnkéré, ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó dà sí yàrá ẹ̀yìn, níbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀. Ìyá wọn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ wà níbẹ̀, lórí ibùsùn ilẹ̀, òun nìkan; ìyàwó Gbọ́ntán lọ sọ́jà, ẹ̀gbọ́n sì wà níbi iṣẹ́.

Aládùúgbò kan ké: "Gbọ́ntán, ìyá dà?"

Ó sáré. Omi dúdú ló bá, ọ́ìlì ọkọ̀ ń dán lójú rẹ̀ bí ọrùn ẹyẹlé. Ó gbé ìyá jáde. Ìyá ti lọ.

4. Kò sunkún. Wọ́n ń kí i kú ara fẹ́ra kù, ó ń mi orí. Wọ́n gbé oúnjẹ fún un, ó jẹ, kò mọ ohun tó jẹ. Ọ́ìlì ti fa ìlà yí ògiri yàrá ká. Ó mú àkísà àti kẹrosíìnì, ó ń nù ún lójoojúmọ́.

Ẹ̀gbọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Sinmi, àbúrò mi."

"Ó ku díẹ̀."

"Ògiri ti mọ́ láti ìjẹta."

Ó ń nù ún lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́lé, ẹ gbọ́ o: ẹ má da kọnkéré bo gbogbo ilẹ̀. Ẹ fi ibi tí òjò á ti wọlẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ kẹ́ ẹ tó ba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jẹ́. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀; gbogbo òtòkùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.