Ìdánwò Àmbúláǹsì Akọ́bí Ìyá Oníṣòó

Aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti ti Ìyá Oníṣòó ló kọ́kọ́ mú ìròyìn náà wá. Ó ní òun pàdé ọ̀gá olùdánwò ilé ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ àmbúláǹsì, ọ̀gá náà sì ní kí akọ́bí Ìyá Oníṣòó máa bọ̀ fún ìdánwò lọ́jọ́ Sátidé.

"Lẹ́yìn ohun tó fojú wọn rí lọ́dún tó kọjá?" Ìyá Oníṣòó ń wọn ìṣó lọ́wọ́. Kò gbójú sókè.

"Wọ́n ní kó tún gbìyànjú. Àmọ́ tó bá fi lè rẹ́rìn-ín báyìí, wọn ò fẹ́ rí i lágbègbè yẹn mọ́."

Ẹ̀rín ni wàhálà akọ́bí. Kì í jalè, kì í mutí. Ẹ̀rín ló ń lé e kúrò níbi iṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín ní báńkì tó ti ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó rẹ́rìn-ín ní ilé ìgbókùúsí, níwájú àwọn olókùú. Lọ́dún tó kọjá, ó bú sẹ́rìn-ín láàárín ìdánwò, ìdánwò náà sì dàrú mọ́ àwọn tó kù lọ́wọ́.

Nígbà tó wọlé, ìyá rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni dá owó lé ọjà tí kò ní gba ìnájà.

"Tó o bá ṣe é yọrí, wọ́n á gbà ẹ́ síṣẹ́ oṣooṣù. Tó o bá rẹ́rìn-ín, láti Mọ́ńdè, ìwọ ni wàá máa ru irin ní ṣọ́ọ̀bù mi. Mi ò bọ́ onírùngbọ̀n mọ́."

"Mọ́mì, irin yẹn wúwo."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo ń rù ú látìgbà tí bàbá yín ti kú."

Àìsàn ọkàn ni wọ́n fún un lọ́tẹ̀ yìí. Gbogbo rẹ̀ wà nínú bébà kan tí Aránṣọ gbà wá. Ìyá Oníṣòó ò mọ̀wé tó bẹ́ẹ̀, ó ní kí àbúrò akọ́bí, ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ irun, máa bi í léèrè.

"Ọmọ ọdún mélòó ni ọkùnrin náà?"

"Àádọ́ta."

"Kí ló ń ṣe é?"

"Àyà ń fún un. Ìrora náà ń gba apá òsì lọ."

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Nígbà tó ń gun àtẹ̀gùn."

"Ṣé ó ń làágùn?"

"Òógùn bò ó." Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló pa yín lẹ́rìn-ín nínú òógùn?"

"Bàbá Aránṣọ ni mo rántí."

Lóòótọ́, àìsàn ọkàn ti gbé Aránṣọ ṣánlẹ̀ rí, nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Wọ́n lọ pè é. Inú rẹ̀ dùn pé ẹnì kan fẹ́ gbọ́. Ó tẹ́ ẹní, ó ṣubú lé e.

"Wò mí dáadáa. Bí mo ṣe lọ nìyí."

Akọ́bí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn. "Bàbá, àyà lẹ kọ́kọ́ dì mú ni, àbí apá?"

"Àyà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni apá."

"Ojú ńkọ́?"

"Ó là sílẹ̀ gbàgàdà. Ṣé o rò pé oorun ni mo ń sùn ni?"

"Ariwo rẹ̀ ọjọ́ yẹn ju báyìí lọ," Ìyá Oníṣòó wí. "Ìyàwó tó ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ló ń ké pè."

"Ìyá Oníṣòó, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀."

"Ṣé irọ́ ni?"

Akọ́bí rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ìyá Oníṣòó rí i pé ọ̀rọ̀ ẹnu ò tó. Láti ọjọ́ náà, bí akọ́bí bá ti ń ka àìsàn náà lórí, àbúrò rẹ̀ á máa fi ìyẹ́ adìẹ rìn ín nígbáàyà àti lábẹ́ ẹsẹ̀.

"Irin ni kó o máa rò," ìyá rẹ̀ ń sọ. "Irin, lórí, nínú oòrùn."

Ó ń ro irin. Nígbà tó fi di Fúráídè, Aránṣọ ṣubú, ó tún dìde ṣubú, ó tiẹ̀ ké pe ìyàwó náà fúnra rẹ̀. Ẹnu akọ́bí ò là.

Ní Sátidé, ìyá rẹ̀ yọ ṣáàtì kan tó ti gbó fún un. Wọ́n ya èyí tó dáa tó wọ̀ lọ lọ́dún tó kọjá láyà, ó ti di ìnulẹ̀. Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó sì tẹ̀ lé e.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n wọ yúnífọ́ọ̀mù. Ọmọbìnrin kan ń ka nǹkan sínú bí ẹni ń gbàdúrà.

"Ẹ fọkàn balẹ̀," Ìyá Oníṣòó sọ fún wọn. "Ọmọ tèmi náà ò sùn lóru."

Akọ́bí ló kọ́kọ́ wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tẹ̀ lé e, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fetí sílẹ̀. Ó gbọ́ ìkérora kan. Ó gbọ́ ohun kan tó jọ ẹ̀rín, ó di bẹ́ǹṣì mú. Ikọ́ ni.

Nígbà tó yá, akẹ́kọ̀ọ́ náà já jáde, omijé bo ojú rẹ̀.

"Ó kú! Ó kú mọ́ mi lọ́wọ́!"

Ìyá Oníṣòó dìde. "Ṣé ó rẹ́rìn-ín?"

"Ìyá, mo ní ó kú!"

Ìyá Oníṣòó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó dúpẹ́.

Ọ̀gá olùdánwò jáde tẹ̀ lé e, ó bọ Ìyá Oníṣòó lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ kú oríire, Ìyá: látìgbà tí mo ti ń wá ẹni tí yóò máa ṣe aláìsàn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, mi ò tíì rí ẹni tó kú dáadáa tó ọmọ yín, láti Mọ́ńdè ló ti di òṣìṣẹ́ wa."