Kọ̀ǹpútà Márùn-ún Kí O Tó Lọ

Aago méjìlá ọ̀sán ni ó yẹ kí Usamah ti wà nílé ìwòsàn ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, kó lọ mú ìyá rẹ̀ wálé. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ìyá náà ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Lánàá, dókítà ní ara rẹ̀ ti ń mókun, ó ṣeé ṣe kí àwọn dá a sílẹ̀ lónìí. Usamah ti gbàyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn.

Àfi bí Àǹtí Ràmọ́tà, ọ̀gá náà, ṣe yí ohùn padà nígbà tí aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀. Ó wọ yàrá iṣẹ́ wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó ní kọ̀ǹpútà márùn-ún tí àwọn ọmọ ilé ìwé kan máa fi ṣe ìdánwò gbọ́dọ̀ ti wà ní títò kí Usamah tó jáde.

"Ṣebí ọ̀la lẹ ní a máa ṣe é, mà?"

"Mo ti yí i padà. Gbé fóònù rẹ wá. Mi ò fẹ́ ariwo fóònù nídìí iṣẹ́ yìí."

Usamah gbé e fún un. Inú bí i, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá ẹni tó ń sanwó oṣù fún un fa ọ̀rọ̀?

Iṣẹ́ náà kúkú ò le. Kọ̀ǹpútà wọ̀nyí ò ní ara. Inú ẹ̀rọ ńlá kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń gbé. Bí wọ́n bá ti tan ọ̀kan, á máa to ara rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìbéèrè tó bá ní, á lọ wo ìdáhùn rẹ̀ nínú fáìlì kan tí Usamah ti kọ sílẹ̀ dè é. Ogún ìṣẹ́jú, ó ti parí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, bí èkíní ṣe dé ibi nẹ́tíwọ́kì, ó dúró gbagidi, ó ń béèrè pé ojú ọ̀nà méjì ló wà, èwo ni kí òun gbà. Usamah yẹ fáìlì wò. Ìlà tó yẹ kó dáhùn ti pòórá. Ó kọ ọ́ padà, ó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ó tún dúró síbẹ̀. Bí eré bí àwàdà, ìlà náà ò tún sí mọ́.

"Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ dáhùn ìbéèrè náà, mà, kí n máa lọ."

"Rárá. Ó gbọ́dọ̀ ṣe é fúnra rẹ̀. Tún un ṣe."

Àǹtí Ràmọ́tà gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín síwájú rẹ̀.

"Jẹun."

"Ebi ò pa mí, mà."

"Mo ní jẹun."

Ó dúró tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán. Ìkà ni obìnrin yìí, ni Usamah wí nínú ara rẹ̀.

Aago méjìlá kọjá. Ó rántí ìyá rẹ̀, tí yóò ti di ẹrù rẹ̀, tí yóò máa wọ̀nà fún òun, ọkàn rẹ̀ sì bàjẹ́. Nígbà tí ìlà náà pòórá lẹ́ẹ̀kẹrin, ó wá wo àkọsílẹ̀ inú ẹ̀rọ láti mọ ẹni tó ń pa á rẹ́. Orúkọ Ràmọ́tà ló bá níbẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin.

Ó dìde. Ó ti pinnu pé òun á fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ọ̀gá rẹ̀ láì kànkùn. Bàbá Síkírù, ẹ̀gbọ́n bàbá Usamah tó ń gbé Ìbàdàn, ló bá lórí àga. Ràmọ́tà kọjú sí ògiri.

"Má bá ọ̀gá rẹ jà, Usamah," ni bàbá náà wí, "èmi ni mo pè é láàárọ̀, tí mo bẹ̀ ẹ́ pé kó wá iṣẹ́ tí kò ní tán fún ọ títí n ó fi dé, kó o má baà dá wà lórí ọ̀kadà nígbà tí wàá gbọ́ pé ìyá rẹ ti fi wá sílẹ̀."