Ìpàdé Ọjọ́bọ̀

Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì lúgọ sẹ́yìn igi nínú ọgbà ìgbafẹ́, ó ń ṣọ́ ìyàwó rẹ̀. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ nìyẹn ń sọ pé òun ń lọ sípàdé, ara sì ti ń fu ọkọ.

Àmọ́ àwọn ìyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ fẹ̀yìntì ló bá lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n ń mí kanlẹ̀.

"Ọ̀gá tiyín ńkọ́?" ni ọ̀kan bi ìyàwó rẹ̀.

"Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbálẹ̀ láàárọ̀ yìí, ilẹ̀ tí mo ti ń gbá láti ìgbà ìyàwó!"

Ó ṣe bàbá bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé e mì. Ó yọ́ lọ sílé.

Nígbà tí ìyàwó dé, ó bá a nídìí abọ́ fífọ̀.

"Màmá," kò gbójú sókè, "ìpàdé yín ò lè máa wáyé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni?"

Ìyàwó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa koríko ọgbà ìgbafẹ́ kúrò lẹ́nu ṣòkòtò ọkọ rẹ̀.