Táyà Gàgàrà Tí Kìnìún Fi Fa Ọkọ̀ Ìyàwó Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ rọra jókòó. Ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ wá ní ẹ ti mọ ibi tó ń lọ. Ẹ kà á kanlẹ̀. Ó lè jẹ́ ọmọ yín, ó lè jẹ́ ọkọ yín, ló máa gbà là.

1.
Ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Kìnìún. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fa ọkọ̀ tó bá dákú sójú ọ̀nà. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan ló fi ń ṣe é. Ọkọ̀ náà gbó o, àmọ́ kò sí ohun tí kò lè fà. Kìnìún á fi irin gbọọrọ so ìdí rẹ̀ mọ́ ọkọ̀ tó bàjẹ́, ẹnì kan á jókòó sínú ọkọ̀ ẹ̀yìn láti máa tọ́ ọ, ó di ọ̀dọ̀ mẹ́káníìkì.

Ṣùgbọ́n bó bá ti ń kọjá níbi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á fi táyà rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́: "Kìnìún ń bọ̀! Bàtà ẹsẹ̀ ẹ̀ ti jẹ tán!"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún wọ egungun. Ló bá lọ ra táyà gàgàrà mẹ́rin, tòun ti ríìmù tó ń dán bíi dígí, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe fáàrí.

2.
Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ni fọkanáísà tó ń bá a ṣe táyà. Ọkùnrin náà wo ẹrù tuntun yìí, ó mi orí.

"Àna mi, táyà yìí ti tóbi jù. Á máa ha ara ọkọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wá nǹkan fi tì í síta."

Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé ojú àna wúwo. Fọkanáísà ò lè kọ̀. Ó fi irin pẹlẹbẹ há ẹ̀yìn ríìmù kó lè yọ síta. Irin yẹn ni ò jẹ́ kí nọ́ọ̀tì tó ń di táyà mọ́ ọkọ̀ wọlé tán mọ́. Etí lásán ló fi dì mú.

"Gbọ́ o," ló wí. "Fáàrí nìkan ni kóo fi èyí ṣe. Ọjọ́ tóo bá máa fa ọkọ̀, gbé e wá ká dá táyà àtijọ́ padà. Bíréèkì rẹ ò lè kápá eléyìí tòun ti ẹrù lẹ́yìn. Lọ́la, rí i pé o padà wá, kí n tún nọ́ọ̀tì wọ̀nyí dì."

"Mo ti gbọ́, Ẹ̀gbọ́n."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ṣíṣe ló kù.

3.
Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò ni Kìnìún kọrí sí. Wọ́n kí i, wọ́n sà á, wọ́n ń ya ọkọ̀ rẹ̀ ní fọ́tò. Orí rẹ̀ wú. Àfi bí fóònù ṣe dún. Ìyàwó rẹ̀ ni, ẹni tó ń fi bọ́ọ̀sì kékeré kó ọmọ iléèwé.

"Bàbá wọn, ọkọ̀ ti dákú mọ́ mi lọ́wọ́ lórí òkè. Mo ti já àwọn ọmọ sílẹ̀, èmi nìkan ló kù."

"Má mikàn. Kìnìún ń bọ̀!"

Ó kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà. Ó wo ibẹ̀. Kò yà.

4.
Ó so bọ́ọ̀sì náà mọ́ ìdí ọkọ̀ rẹ̀, ìyàwó jókòó sídìí ọwọ́ ọkọ̀ lẹ́yìn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Kò pẹ́ ni obìnrin yìí rí i tí táyà òsì lẹ́yìn ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ ń mì. Ó fun fèrè. Kìnìún rò pé ó ń kí òun ni, ó juwọ́ sí i. Obìnrin náà fa fóònù yọ.

"Bàbá wọn, ẹ dúró! Táyà yín ń jó!"

"Jẹ́ kó jó! Ṣebí torí ijó la ṣe rà á?"

"Mi ò ṣàwàdà o! Nọ́ọ̀tì ti ń já bọ́! Ẹ dúró!"

Kìnìún wo dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó rí i. Ó tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ ò gbọ́. Bọ́ọ̀sì ń tì í lẹ́yìn, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ń fà á níwájú. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Gbàà! Táyà yọ lódindi, ó gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé rẹ̀ kọjá, ó ń sáré lọ nísàlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Ọkọ̀ fi irin họ ilẹ̀, iná ń ṣẹ́ yọ. Irin tó so wọ́n pọ̀ já.

Ìyàwó ju fóònù nù, ó fi ọwọ́ méjèèjì fa bíréèkì ọwọ́ sókè. Bọ́ọ̀sì fì, ó lọ sọ ara mọ́ ògiri ilẹ̀ ẹ̀bá ọ̀nà, ó dúró. Kìnìún ní tirẹ̀ wọ kòtò lọ.

5.
Nígbà tó lajú ní ọsibítù, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dá. Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, wọ́n fi aṣọ gbé apá rẹ̀ kọ́rùn.

"Àwọn ríìmù yẹn ńkọ́?" ni Kìnìún bi í. "Ẹnì kankan ò tíì jí wọn?"

Obìnrin náà na apá tí wọ́n gbé kọ́ sí i.

"Bàbá wọn, apá mi rèé. Ẹ ò tíì bi mí bóyá ó ń dùn mí."

Kìnìún kọjú sí ògiri. Ọkọ̀ rẹ̀ ti di irin tí wọ́n ń wọ̀n tà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò lè tẹ bíréèkì mọ́. Nígbà tí wọ́n sì dá ìyàwó sílẹ̀, ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fọkanáísà ló gbà lọ. Títí dòní, kò padà.

Ṣùgbọ́n Kìnìún yè! Ayọ̀ yẹn ni mo fi ń sọ ọ́ fún yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọkọ̀ ṣiṣẹ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi fáàrí sẹ́sẹ̀ ọkọ̀ tó ń ru ẹ̀mí èèyàn. Bí ẹni tó mọ iṣẹ́ bá ní ẹ padà wá, ẹ padà lọ. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.